Mo jágbe mọ́ ìyá ọkọ mi. Ṣé sùúrù tí Ẹ̀mí Mímọ́ fún ni lè tán bí?

Ìyàwó Aláró (Òṣogbo):

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, mi ò sì lè gbé e tọ pásítọ̀ wa lọ, torí ìyá ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn, gbogbo ìjọ ló sì mọ̀ wọ́n.

Aláró ni Màámi. Wọ́n ti pé ọdún 82 báyìí. Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọdún 2006, wọ́n ṣì ń rẹ aṣọ láró. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń gún ewé ẹlú nígbà tó bá ṣì rọ̀, tí a ó ṣù ú, tí a ó sá a sóòrùn. Wọ́n á gbé ìkòkò kan lé ìkòkò mìíràn lórí, èyí tó wà lókè ní ihò nídìí, eérú ni wọ́n á kó sínú rẹ̀, wọ́n á wá da omi lé e. Omi yẹn kì í ṣàn o. Tó, tó, tó ni yóò máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi tí ara mi kì í gba ìdúró, mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé a ò lè da omi púpọ̀ lé e kó tètè kún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, bó bá yá jù, aró ọ̀hún ò ní mú aṣọ." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni mo wá jágbe mọ́.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le: wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó rí kọ́kọ́rọ́ nínú ike gààrí. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu eérú ààrò sínú omi mímu wa pé àwọn fẹ́ po aró. Lóṣù kẹjọ tó kọjá, nígbà tí èrò kún ìlú fún ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n jáde láìwọ bàtà. Láti aago méjì la ti ń wá wọn. Ọlọ́kadà kan tó jẹ́ ọmọ àdúgbò ló rí wọn lápá Ọjà Ọba nírọ̀lẹ́, ó sì fi wọ́n sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ wá sílé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Gbogbo ìyẹn ni mo gbà mọ́ra. Ohun tó ju agbára mi lọ ni ọ̀rọ̀ Àjàní.

Àjàní ni àkọ́bí Màámi. Ó kú ní ọdún 1984, ọmọ ọdún 11 ni, ibà ọjọ́ mẹ́ta ló gbé e lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni ọkọ mi nígbà yẹn. Ní báyìí, bó bá ti di aago méjì ọ̀sán tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá, Màámi á bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi: "Ìyàwó mi, ṣé Àjàní ti dé láti ilé ìwé?" Mo lè dáhùn tán báyìí, kí wọ́n tún bi mí kí n tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo kà á lọ́jọ́ kan, ó lé ní 30 kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí mo bá ní ó ń bọ̀, irọ́ ni mo pa, wọ́n á sì jókòó tì í, ọkàn wọn ò ní balẹ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ọmọ ò tíì dé. Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹkún ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ ẹbí 14 wà nílẹ̀ fún ìgbéyàwó ọjọ́ kejì. Iná lọ, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ọkọ mi wà lọ́nà Kánò, tírélà ló ń wà. Màámi bi mí, wọ́n tún bi mí. Nígbà tó yá, wọ́n di aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ mú, wọ́n ní kí n dìde kí n lọ wá ọmọ àwọn. Léèsì oníbàárà ya. Mo dìde, mo jágbe: "Àjàní ti kú! Ó ti kú láti 1984! Ẹ jẹ́ n ráyè o!"

Ẹ̀yin ará, wọn ò bá mi jiyàn. Ibi tí wọ́n dúró sí náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n sì sunkún bí ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún. Wọ́n ń bi mí pé, "Ta ló sin ín? Kí ló dé tí wọn ò pè mí?" Ó di aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n súre fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Aago méjì lù, wọ́n tún bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni mi ò lè gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, inú Gálátíà 5 ni ẹ̀kọ́ wa wà, ibi tí wọ́n ti ka èso ti Ẹ̀mí: ìfẹ́, ayọ̀, àlàáfíà, ìpamọ́ra. Nígbà tó kàn mí láti kà, ohùn mi ò jáde. Ìbéèrè mi nìyí. Bó bá jẹ́ pé Ẹ̀mí ló ń so èso yìí nínú ènìyàn, tí tèmi sì tán lójú gbogbo ará ìsọ̀, ṣé Ẹ̀mí wà nínú mi ṣá? Àti pé kí ni kí n máa sọ bí wọ́n bá bi mí nípa Àjàní? Arábìnrin kan tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n ṣọ́ra, pé àwọn àgbà tó ń ṣe báyìí lọ́wọ́ nínú nǹkan. Ìyẹn ò wọ etí mi, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

---

Délé Ìkìrun:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dà bí ẹni ń nà yín lẹ́gba, àmọ́ ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Wòlíì ńlá ni Mósè. Númérì 12:3 ní ó ṣe ọlọ́kàn tútù ju gbogbo ènìyàn tó wà lórí ilẹ̀ lọ. Ní orí 20 ìwé yẹn kan náà, àwọn ènìyàn fi ariwo omi sú u, ó bínú, ó lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ gbọ́ nísinsìnyí, ẹ̀yin ọlọ̀tẹ̀." Nítorí ọjọ́ kan yẹn, kò wọ Kénáánì. Ẹ gba ààwẹ̀, ẹ bẹ Olúwa kó mú ìbínú kúrò ní gbòǹgbò. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́.

---

Ìyàwó Aláró:

Ẹ ṣeun, Délé. Láti ìgbà tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni Mósè ti ń wá sí mi lọ́kàn. Òun gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́kúwọdó:

Àǹtí mi, mo kí yín kú ìtọ́jú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ọdún 22 ṣe, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ àjẹ́ yẹn kúrò nílẹ̀ ná. Àìsàn inú ọpọlọ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ, èyí tó ti pẹ́ a sì máa dúró. Ìdí nìyẹn tí 1984 fi dà bí òní lójú Màámi. Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń dà yín láàmú. Lójú tiwọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè nìyẹn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọgbọ̀n ìgbà náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wọn lọ síbi tí wọ́n á ti nà wọ́n tàbí kí wọ́n febi pa wọ́n pé àwọn ń lé ẹ̀mí jáde. Mo ti rí ìyá arúgbó tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn irú rẹ̀, àpá okùn wà lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì. Ọjọ́ yẹn, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún.

Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá, ti UNIOSUN kò jìnnà sí yín. Kò sí egbòogi tó máa ń mú gbogbo rẹ̀ lọ, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn wà tó máa ń dá kún ìgbàgbé tí dókítà lè rí tọ́jú: ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó fítámì B12, àìsàn ẹṣẹ́ kékeré inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀, kódà oògùn tí wọ́n ń lò fún nǹkan mìíràn. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá le sí i láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ má dúró rárá. Ẹ kọ nọ́ḿbà fóònù yín sára bébà, ẹ rán an mọ́ inú etí ìró wọn. Aránṣọ ni yín, ìṣẹ́jú méjì ni.

Ọ̀rọ̀ Àjàní. Ẹ má túfọ̀ rẹ̀ fún wọn mọ́. Ẹ má sì sọ pé ó ń bọ̀, bí ẹ̀rí ọkàn yín kò bá gbà á. Ẹni tí ọkàn ìyá ń fẹ́ ni Àjàní, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n: "Màámi, kí ni Àjàní fẹ́ràn láti jẹ? Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀?" Ẹ ó rí i pé ojú wọn á yàtọ̀.

Ó ku ẹ̀yin fúnra yín. Délé mú Mósè wá, èmi mú Èlíjà. Àwọn Ọba Kìíní 19. Ó rẹ Èlíjà débi pé ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò bá a wí níbẹ̀. Ańgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní dìde, jẹun. Àkàrà gbígbóná wà lórí ẹ̀yín iná, omi wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Ańgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé kó tún jẹun, torí ọ̀nà náà jìn fún un. Lẹ́yìn oúnjẹ méjì àti oorun méjì ni Ọlọ́run tó bi í léèrè ohunkóhun. Àǹtí mi, oorun wákàtí mélòó lẹ ń sùn? Màámi ní ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ yín?

---

Ìyàwó Aláró:

Àwọn àǹtí ọkọ mi méjì wà, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Ìlọrin. Wọ́n ń gbìyànjú, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Lóṣooṣù ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Oorun mi ò ju wákàtí mẹ́rin lọ, torí Màámi máa ń dìde lóru láti lọ wo aró.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́kúwọdó:

Owó dára, ṣùgbọ́n owó ò lè jókòó ti ìyá lóru. Ẹ pe ti Ìlọrin. Kì í ṣe pé kó wá kí yín. Kó wá sùn ti ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ̀yin sì sùn. Ẹ má fi ìtìjú pè é.

---

Bàbá Òkè-Baálẹ̀:

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti lé ní 70 ọdún, mo kọ́ni ní Bíbélì nínú ìjọ fún ìgbà pípẹ́. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ, jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á.

O sọ̀rọ̀ nípa sùúrù, ṣùgbọ́n "ìpamọ́ra" ni ọ̀rọ̀ tó wà ní Gálátíà 5:22 nínú Bíbélì wa. Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹnu wa ti máa ń pè é ní sùúrù. Hypomone ni ti ẹni tó dúró lábẹ́ ẹrù tí kò sọ ọ́ nù. Makrothymia ni ti ẹni tí ènìyàn ń mú bínú, tí ìbínú rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó dé. Èkejì yìí ló wà nínú èso ti Ẹ̀mí. Òun náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí Olúwa kọjá níwájú Mósè ní Ẹ́kísódù 34:6, ó pe ara rẹ̀ ní aláàánú, olóore-ọ̀fẹ́, onípamọ́ra. Bí o bá yẹ èdè Hébérù tó wà níbẹ̀ wò, ohun tó sọ gan-an ni pé imú rẹ̀ gùn. Àwọn Hébérù a máa wí pé inú imú ni ìbínú ti ń gbóná. Ẹni tí imú rẹ̀ gùn, ó máa ń pẹ́ kí iná tó jó dé òpin rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kò sọ pé iná kì í jó níbẹ̀.

Èmi wá bi ọ́: ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́, fún oṣù mélòó? Lọ ṣírò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí o dáhùn láìjágbe, ta ló so èso yẹn? Ìwọ ń wo ẹ̀ka kan tó ṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, o wá fẹ́ fi gé igi náà lulẹ̀. Nínú Lúùkù 13, ẹni tó gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ wá èso lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kò rí i, ó ní kí wọ́n gé e. Olùtọ́jú ọgbà ní, "Olúwa, jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọdún yìí pẹ̀lú," pé òun á tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, òun á sì bu ilẹ̀dú sí i. Oúnjẹ àti oorun tí nọ́ọ̀sì wa sọ, ilẹ̀dú nìyẹn.

Délé ọmọ mi, òtítọ́ lo sọ nípa Mósè, ṣùgbọ́n o dúró lójú ọ̀nà. Tẹ̀ síwájú dé Mátíù 17. Nígbà tí Jésù yí padà lórí òkè, ta ni wọ́n rí tó ń bá a sọ̀rọ̀? Mósè àti Èlíjà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni òkè yẹn wà, bí Bíbélì kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ Mósè tẹ ilẹ̀ náà, Jésù ló sì dúró tì. Ẹni tó fi ìbínú lu àpáta àti ẹni tó ní kí Ọlọ́run pa òun, àwọn méjèèjì ló pè wá síbẹ̀.

Ó ku ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kó tó lọ. Lóru ọjọ́ kan ó tọ̀ sára lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ tó pè mí. Mo yíjú sí ògiri. Mo jẹ́ kó sùn nínú omi tútù yẹn títí di àárọ̀, èmi tí mò ń wàásù. Nígbà tí mo wá tú aṣọ náà, awọ ìdí rẹ̀ ti hunjọ bí ìka ẹni tó fọ aṣọ pẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ó kàn gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì ṣiṣẹ́ lé mi lórí. Nítorí náà, lọ kúnlẹ̀ fún Màámi. Má sọ pé wọ́n ti gbàgbé. Ìwọ lo nílò rẹ̀.

Nípa irọ́: nígbà tí ọmọ Dáfídì kú, ó ní, "Èmi ni yóò tọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun kì yóò tún tọ̀ mí wá." Sámúẹ́lì Kejì 12:23. Bí Màámi bá bi ọ́ bóyá àwọn á rí Àjàní, o lè wo ojú wọn kí o ní, "Ẹ ó rí i, Màámi." Onígbàgbọ́ kò purọ́ bó bá sọ bẹ́ẹ̀. Rántí Àfálá, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó rí i ní Abẹ́òkúta. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìlè fọhùn, omi sì ń dà lójú ìyá. Ìyá kì í yé wo ọ̀nà. Má bínú sí ti ọ̀dọ̀ rẹ pé ó ń wo ọ̀nà.

---

Délé Ìkìrun:

Bàbá, ẹ ṣé. N kò rò ó dé Mátíù 17. Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mò ń bọ̀ ní Òṣogbo; bí ẹ bá nílò ẹni tó máa gbé Màámi lọ sílé ìwòsàn, mo ní mọ́tò.

---

Ìyàwó Aláró:

Ẹ̀yin ará, mo padà wá. Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá.

Mo kúnlẹ̀ fún Màámi lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá kọ̀wé. Wọ́n ní, "Kí lo ṣe, ìyàwó mi?" Mo sọ ọ́, n ò dárúkọ Àjàní. Wọ́n ní Olúwa á fún mi lọ́mọ, èmi tí mo bímọ mẹ́ta. Mo ṣe àmín.

Àǹtí ti Ìlọrin dé lánàá. Òun ló jí lóru nígbà tí Màámi lọ wo aró. Láàárọ̀ ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́?" Mo sùn wákàtí mẹ́sàn-án. Délé ti bá mi sọ̀rọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa gbé wọn lọ rí dókítà.

Ọ̀sán òní, aago méjì, wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó mi, ṣé Àjàní ti dé?" Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ní, "Màámi, ẹ wá jókòó. Irú ọmọ wo ni Àjàní?"

Ọdún tí mo ti wà nílé yìí kì í ṣe kékeré, n ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní kì í bọ́ aṣọ ilé ìwé kó tó ki ọwọ́ bọ inú aró. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n fi ìka fa ilà sí ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Dé ibí." Wọ́n ní tíṣà nà án torí pé ó fi àwọ̀ aró ba gbogbo ìwé rẹ̀ jẹ́. Pé bí àwọn bá yọ aṣọ jáde nínú ìkòkò, tó ṣì wà ní àwọ̀ ewé, Àjàní á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, á pe gbogbo ọmọ agbolé pé kí wọ́n wá wo bí atẹ́gùn ṣe máa sọ ọ́ di aró. Á dúró tì í, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára aṣọ yẹn. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kò tó ìdajì wákàtí, wọ́n dìde, wọ́n wo òde. "Ìyàwó mi, ṣé Àjàní ti dé láti ilé ìwé?"

Mo ní, "Màámi, ẹ wá jókòó. Irú ọmọ wo ni Àjàní?" Wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rántí orúkọ tíṣà náà.